Ìyá Aago

Ìyá Aago ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Òun ló ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí egbò kẹ̀. Oògùn yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara. Bí dókítà bá ń kánjú, ìyá á wo aago ara ògiri, á ní, "Ẹ ní sùúrù, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Dókítà á fajú ro, á sì dúró.

Nígbà tó wá kan ìyá fúnra rẹ̀ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tán, ó gbójú sókè wá aago, kò rí i. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ló wà. Odidi ọdún méjìlélógún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò mọ̀ pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ níbẹ̀ kì í rí aago.

Dókítà rí i tó ń wò kiri. Ó káwọ́ gbera, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, Mà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó dijú.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí wọ́n gbé aago lọ sí ògiri tó kọjú sí aláìsàn. Òun ló wá ń yí ọrùn kó tó rí i báyìí.