Obì Tí Pásítọ̀ Gbé Wá Sílé Wa

Tùràrí máa ń ta sánsán dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá àgbà mi ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn mùsùlùmí nílùú wa, òórùn aṣọ tuntun tí wọ́n ń kó bọ̀ láti ìsọ̀ wọn lọ́jà á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Nígbà tí mo gba Jésù nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, wọ́n dijú mọ́rí fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n wá bá àwọn ká aṣọ.

Ọ̀rẹ́ mi, ìpè ni kò jẹ́ kí n sinmi. Pásítọ̀ wa, àgbà Yorùbá kan, sọ fún mi pé Ọlọ́run ń pè mí síṣẹ́ ìwàásù, ọkàn mi sì gbà pé òótọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí. Kí onígbàgbọ́ wà nílé mùsùlùmí kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa, ṣùgbọ́n kí ọmọ ilé wa di oníwàásù? Mo rò pé ìtìjú á pa ìyá àgbà láàárín àwọn ará Zongo, pé ìyá àgbà fúnra wọn á sì kọ̀ mí. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó ní sùúrù kí ààwẹ̀ parí ná. Ààwẹ̀ parí, mo ní kí òjò dá. Òjò dá, mo tún ní ká ṣe Iléyá tán.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, ìyá àgbà pè mí.

“Pásítọ̀ rẹ gbé obì wá síbí ṣáájú ààwẹ̀. Ó ń tọrọ rẹ bí ẹni ń tọrọ ìyàwó.”

A kì í gba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́ láìkí ẹni tó tọ́ ọ. Pásítọ̀ mọ àṣà yẹn.

“Kí lẹ sọ fún un, Màmá?”

“Mo ní kó má kán ọ lójú. Ó ní Ọlọ́run náà ò kán ọ lójú. To, mo jẹ obì mi tán, mo ń wò ọ́.”

Mo ní nítorí tiwọn ni mo ṣe ń fà sẹ́yìn. Ojú wọn le.

“Haba! Má fi mí ṣe àwáwí níwájú Ọlọ́run. Ó dùn mí pé o ò bá wa kírun mọ́, wallahi, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yìí, tìẹ ni.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n fi ìborùn nù mí lójú, wọ́n ní kí n dìde, ṣé aṣọ funfun tí mo wọ̀ ni mo fẹ́ fi gbálẹ̀ fún àwọn ni.

Wọn kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní àdúgbò Kukuo lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wàásù, n kò sì retí wọn. Nígbà tí mo délé, wọ́n bi mí pé, “Ṣé àwọn èèyàn gbọ́ ọ? Ohùn rẹ kéré jù.” Mo ní wọ́n gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó ní sùúrù fún mi, ọ̀dọ̀ ẹni tí mò ń bẹ̀rù gan-an ló ti fi sùúrù náà pamọ́ sí.