Ohùn Adétutù Nínú Yàrá Àwọ̀n

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin Ìbòkun kan kò lè mọ orin Japan mọ́kànlá lórí láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú wọn, ẹ ní kó wá bá mi. Èmi àti Adétutù jọ dúró nídìí ìkọ́ kan náà fún ọdún mẹ́fà, ní ilé iṣẹ́ kan ní Òṣogbo níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọ̀n apẹja.

Ẹ̀rọ ló ń hun àwọ̀n náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa fo ojú àwọ̀n, ibi tó bá sì fò, ihò ni. Àwa obìnrin ogójì la máa ń fi àwọ̀n kọ́ sórí ìkọ́, tí a ó fi ojú wá ihò, tí a ó sì fi abẹ́rẹ́ onígi ta kókó dí i. Aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́rin ni. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, àwọn mìíràn á ti máa rí ihò níbi tí kò sí, wọn ò sì ní rí èyí tó wà.

Àwọn ará Japan ló ta ẹ̀rọ náà, àwọn ló sì rán Ọ̀gbẹ́ni Takemoto wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, agbálẹ̀ pàápàá ó ń tẹrí ba fún. Lọ́dún 1991, ó gbé tẹ́ẹ̀pù kan wọ yàrá wa. Ó ní orin tí wọ́n fi ń ki òṣìṣẹ́ láyà nígbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n nílùú àwọn ni. Ọ̀kan ní kéèyàn má juwọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ní òkè tí à ń gùn ní òdìkejì. Ẹ̀kẹta, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ fi sọ ọ́ pòórá mọ́ ọn lẹ́nu, ló bá rẹ́rìn-ín, ó tẹ tẹ́ẹ̀pù.

Nígbà tí orin àkọ́kọ́ parí, àwọn arábìnrin Àpọ́sítélì tó wà nínú wa pariwo, "Àmín!"

Mọ́nsúrátù, ìyá Rájí, ọmọ Òṣogbo gan-an, tó jẹ́ àgbà gbogbo wa, gbójú sókè. "Àmín kí? Ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣẹlẹ̀ sí yín!"

A rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ wa. Takemoto rò pé bí a ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí orin bá ti parí, òun náà á tẹrí ba, á ní, "Àmín."

Nígbà tí ìlú dàrú ní 1993, àwọn èèyàn rẹ̀ pè é padà sílé. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí tẹ́ẹ̀pù náà jẹ kásẹ́ẹ̀tì tán. Lọ́jọ́ náà, aago méjì tí orin máa ń bẹ̀rẹ̀ lù, yàrá dákẹ́ bí ilé òkú. Àfi bí Adétutù ṣe bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́ láìgbé orí sókè. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, mo mọ̀ pé ó lóhùn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó ti há orin mọ́kọ̀ọ̀kànlá sórí. A gbè é. Ọ̀rọ̀ kan tó pọ̀ nínú orin náà ni "gambaré," bóyá òun ni "má juwọ́ sílẹ̀" tí Takemoto wí, a sì sọ Adétutù ní Ìyá Gambaré.

Ohun tí a kò tètè kíyè sí ni pé orin tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti kásẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ máa ń wà lára ọwọ́ wa. Bí ẹnì kan kò bá tíì ta kókó rẹ̀ tán, Adétutù á fa ìparí ìlà orin náà gùn, á fà á, á fà á, títí onítọ̀hún á fi fa okùn rẹ̀ le. Ìgbà náà ni á tó bọ́ sí ìlà tó kàn. Bí ogójì ọwọ́ ṣe wá ń rìn bí ọwọ́ kan nìyẹn. Àwọ̀n tí wọ́n ń dá padà fún wa nítorí ihò dín kù jọjọ. Mánẹ́jà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́rundáre, kì í yin ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó yin Adétutù. Ẹ ṣọ́ra fún ìyìn, ẹ̀yin èèyàn mi. Òun náà a máa so èèyàn mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1995, rọpárọsẹ̀ mú ìyá rẹ̀, Màmá Julianah, ní Ìbòkun. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Àbúrò Adétutù ló ń tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ń mú un lọ sí Òkè Ọya lóṣù kẹfà. Opó ni Adétutù. Tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ni òun àti màmá yóò jẹ? Ọ̀wọ́ngógó epo sì wà lóde, kò sí bó ṣe lè máa ti Ìbòkun wá sí Òṣogbo lójoojúmọ́.

Ilé iṣẹ́ wa ní sítọ̀ kan ní Iléṣà. Kò sí òkun ní Iléṣà o, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni alága wa, ibẹ̀ ni a sì ń kó àwọ̀n sí. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀ náà ń fẹ̀yìn tì. Iléṣà sí Ìbòkun kò jìnnà, Adétutù lè máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà.

Mánẹ́jà ní, "Tí o bá lọ, ta ló máa kọrin?"

"Sà, kókó ni ẹ gbà mí síbí láti máa ta."

"Ìyẹn tẹ́lẹ̀."

Ó kọ lẹ́tà kejì, wọn ò dáhùn. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní ọgbọ́n kan sọ sí òun lọ́kàn. Ó lọ bá mánẹ́jà. "Sà, ẹ gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú ohùn, kẹ́ ẹ fi èmi sílẹ̀."

Mánẹ́jà rẹ́rìn-ín. Ó gbà. Ní ọjọ́ Sátidé, Adétutù jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó kọ orin mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ó mu omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mánẹ́jà ní bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa lọ sí Iléṣà. Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìròyìn di abọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ohùn Adétutù gan-an ni, Adétutù sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ta kókó. Ṣùgbọ́n ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì kò ní ojú. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mọ́nsúrátù kò tíì ta kókó kan tán tí orin ti wọ ìlà kẹta.

A ti mọ̀ tipẹ́ pé ojú òsì Mọ́nsúrátù ń funfun. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀, a kì í sì í sọ ọ́. Àwa tó sún mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ dí ihò tirẹ̀, a sì ń fi ihò tiwa sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di Fúráìdè, wọ́n ti dá àwọ̀n mẹ́tàdínlógún padà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọwọ́ tí ihò kọ̀ọ̀kan ti wá.

Mánẹ́jà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó pe Adétutù. "Ẹnì kan wà nínú yàrá yẹn tí o máa ń dúró dè tí o bá ń kọrin. Orúkọ ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Mà á fi ọ̀dọ́ sí ipò ẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì á ṣiṣẹ́, ìwọ á sì wà ní Iléṣà lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó di ọjọ́ kejì. Nídìí ẹ̀rọ omi ló ti sọ ọ́ fún mi. Kò sunkún. Ó kàn ń fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, n kò ní parọ́ fún yín: mo sọ fún un pé ìyá ẹni kì í pé méjì. Ìjọ́sìn ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, n kò lè wo pẹpẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé tọ mánẹ́jà, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, àwa tó wà nítòsí sì gbọ́; Mọ́nsúrátù ti lọ kírun.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ kí?"

"Ọwọ́ mi ló ń fà. Ara mi ni mo ń dúró dè. Ẹ mú mi kúrò, ẹ ó rí i pé kásẹ́ẹ̀tì yẹn á ṣiṣẹ́."

Mánẹ́jà ní, "Adétutù. Ìwọ tó o tún ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ máa kọrin."

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Micah ni wọ́n fún ní sítọ̀ Iléṣà. Ní oṣù kẹfà, Adétutù gbé ìyá rẹ̀ wá sínú yàrá kan ṣoṣo rẹ̀ ní Alekuwodo ní Òṣogbo, ìyá tó ti ní òun kò ní kúrò ní Ìbòkun láéláé. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, á ti ilẹ̀kùn lóde nítorí kí màmá má baà wọ́ jáde ṣubú sí gọ́tà. Ará ilé kan ló ń fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán. Lójoojúmọ́, bí Adétutù bá ti ṣílẹ̀kùn, màmá á bi í bóyá ọkọ̀ Ìbòkun ti dé.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún Micah ní sítọ̀ ni Mọ́nsúrátù fi abẹ́rẹ́ tọ́ Adétutù lápá lẹ́nu iṣẹ́. "Ìyá Gambaré, Iléṣà yẹn ńkọ́? Wọ́n kọ̀ ni?"

"Wọ́n kọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n ní kí ló dé?"

"Wọn ò sọ."

Mọ́nsúrátù pòṣé. Ó gbé ojú rẹ̀ tó ń funfun sókè sí àjà. "Ẹni yòówù tó bá so ẹ́ mọ́bí, tí kò jẹ́ kó o dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ, Allah á—"

"Ẹ jọ̀ọ́!" Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ kí Adétutù jágbe mọ́ àgbà nìyẹn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Rájí. Ẹ má ṣẹ́ èpè. Aago méjì ti lù. Ẹ mú abẹ́rẹ́ yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tó dé ìparí ìlà kìíní, Mọ́nsúrátù ṣì ń wá ojú kókó rẹ̀, Adétutù sì fa ohùn náà gùn, ó fà á, ó fà á.