Àsẹ́ńbílì, Síì àti Ẹyin Màámi

Ọdún tí àrùn wọ àárín adìyẹ màámi ní Ìdèrè, àgbébọ̀ díẹ̀ ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú àkùkọ kan tó jọ pé agídí ló gbà á là. Màámi ò sunkún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹyin àwọn àgbébọ̀ yẹn jọ. Wọn kò tà á, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dín ẹyọ kan jẹ, torí inú ẹyin wọ̀nyẹn ni ọ̀sìn wọn yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ọmọ wọn obìnrin tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ni mo lọ bá wọn pé kí wọ́n kó o fún mi, pé ẹ̀rọ ni yóò bá wọn sàba lé e. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì kó o fún mi.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tí mo ń lọ nígbà náà ní Èrúwà ti kógbá wọlé báyìí, pátákó orúkọ rẹ̀ sì tóbi ju kíláàsì rẹ̀ lọ. Àpótí pákó ni iṣẹ́ àṣekágbá mi. Gílóòbù ni yóò máa mú inú rẹ̀ gbóná, bátìrì ọkọ̀ yóò gbà á bí iná bá lọ, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní ṣíìpù yóò sì máa ṣọ́ ooru ibẹ̀. Bó bá gbóná jù, kó pa gílóòbù. Bó bá tutù, kó tàn án. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbébọ̀ ń ṣe é láìsan owó iléèwé.

Ṣùgbọ́n ṣíìpù ò mọ nǹkan kan àfi ohun tí a bá kọ fún un, èdè tí a ó sì fi kọ ọ́ ló dìjà. Méjì ni èdè kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀. Àsẹ́ńbílì sún mọ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, gbogbo nǹkan la gbọ́dọ̀ sọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: mú nọ́ńbà yìí, gbé e síbí, yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, wò ó bóyá ó ti tán. Síì sún mọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn. A ó kàn sọ pé bí ooru bá ti ju báyìí lọ, pa iná, kọ̀ǹpútà yóò sì tú u sí èdè ẹ̀rọ. Àsẹ́ńbílì yá, kì í sì í gba àyè. Síì ń gba àyè bí àlejò tó kó ẹbí dání, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ lónìí lè kà á lọ́la.

Olùkọ́ méjì ni wọ́n yàn láti mójú tó iṣẹ́ mi. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ọ̀kan ní Ọ̀gá Àsẹ́ńbílì, a ń pe èkejì ní Ọ̀gá Síì. Ọ̀gá Àsẹ́ńbílì ti dàgbà, ó sì gbà pé ìmọ̀ tí kò bá fa ẹ̀fọ́rí kì í ṣe ìmọ̀.

"Ọ̀lẹ ló ń kọ Síì," ló máa ń wí. "Ẹni tí ò mọ ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ sùn sí, kí ló mọ̀?"

Ọ̀gá Síì ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ni, dísíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í kúrò lápò àyà rẹ̀. "Ayé ti lọ," ó ní, "bàbá ṣì ń fi èékánná ro oko."

Mo kọ ọ́ ní Síì, Ọ̀gá Àsẹ́ńbílì fi bírò pupa fà á ya. Mo tún un kọ ní Àsẹ́ńbílì, Ọ̀gá Síì ní kí n ka ìlà kan kí n sì ṣàlàyé ẹ̀. Mo kà á, kò yé èmi tí mo kọ ọ́. Màámi sì ránṣẹ́ láti Ìdèrè pé ẹyin tó bá pẹ́ nílẹ̀ jù kì í di ọmọ mọ́.

Ni olórí ẹ̀ka wa bá pe ìpàdé. Alhájì ni, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo àdúgbò ń gbé ẹjọ́ tọkọtaya àti ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ lọ. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ rojọ́."

Ọ̀gá Àsẹ́ńbílì rojọ́ pé láti ọjọ́ Iléyá ni àbúrò òun kò ti kí òun dáadáa lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Síì rojọ́ pé ẹ̀gbọ́n pe òun ní ọmọdé lójú akẹ́kọ̀ọ́. Ooru ò wá sẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹyin ò sì wá síbẹ̀ rárá.

Alhájì dájọ́. "Ẹ jọ pín in. Bàbá, ẹ̀yin ẹ mú ti ooru, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní Àsẹ́ńbílì. Ìwọ mú aago àti nọ́ńbà tó ń hàn lójú àpótí, kóo kọ ọ́ ní Síì. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi."

Gbogbo ilé ṣàmín. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ṣí mínírà. Mo nawọ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa so ti ọ̀tún mọ́ ti òsì?"

"Ìwọ ọmọ yìí," Alhájì ní, "ṣé o fẹ́ tú wa ká ni?"

Òótọ́ ni pé èdè méjèèjì lè gbé inú ṣíìpù kan, bí àwọn tó kọ ọ́ bá ti fẹnu kò lórí ibi tí kálukú yóò máa kó nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà, ta ló tún fẹ́ fi àwọn méjèèjì jókòó sínú yàrá kan? Wọn kò bára wọn sọ ọ̀rọ̀ kan lórí iṣẹ́ náà.

Ti Ọ̀gá Àsẹ́ńbílì ló kọ́kọ́ parí. Mo wọkọ̀ lọ Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sínú ṣíìpù, wọ́n bá mi kọ ọ́, mo fi í sínú àpótí, ó ṣiṣẹ́, mo sì to ẹyin màámi sí i. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹyin lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀, mo rí ohun kan tó ń mira nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín lójú títì. Mo ránṣẹ́ sí màámi.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ tó ń fún wa ní máàkì wá wo iṣẹ́ mi, ṣíìpù kejì dé, èyí tí wọ́n ti fi ìpín Ọ̀gá Síì kún. Mo bẹ àwọn ọ̀gá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹyin pa ọmọ ná, kò ju ọjọ́ díẹ̀ mọ́. Alhájì ní ṣé ìdájọ́ òun ni mo fẹ́ fọ́. Mo fi í sí i nírọ̀lẹ́.

Ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ń kó nọ́ńbà wọn sí. Síì kọ wákàtí síbẹ̀, Àsẹ́ńbílì kà á, ó pè é ní ooru. Aago mẹ́jọ lọ́dọ̀ ẹnìkan wá di òtútù líle lọ́dọ̀ ẹnìkejì, ni gílóòbù bá ń tàn láìsinmi. Nígbà tí a ṣí àpótí lójú ìgbìmọ̀ lówùúrọ̀, òórùn ẹyin sísè ló kí wa.

Ọ̀gá Àsẹ́ńbílì ní ti òun ò ní àléébù. Ọ̀gá Síì náà ní ti òun pé pérépéré. Òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bí wọ́n bá fún mi ní òdo, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi nìyẹn, ìjà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Alhájì yára yin ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì fún mi ní máàkì tó ga jù ní kíláàsì. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè kí wọn kí n tó jáde.

Mo kó ẹyin náà lọ sí Ìdèrè. Màámi fọ́ ọ̀kan. Ọmọ adìyẹ ló wà nínú rẹ̀, ìyẹ́ ti bò ó. Mo sọ fún wọn pé mo yege. Wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n bi mí ní ohun tó pa àwọn ọmọ, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dórí ìdájọ́ Alhájì.

"Èwo nínú wọn ló ń bọ̀ wá bẹ̀ mí?" ni wọ́n bèèrè.

Mo ní, "Màámi, kò sẹ́ni tó ń bọ̀."

Wọ́n ní kí n lọ gbé ọkọ́ wá, ká gbẹ́lẹ̀ sin àwọn ọmọ adìyẹ náà.