Owó Fàdákà tí Mo Fọ̀ Mọ́ Jù

Oje ọsàn wẹ́wẹ́ ń ta mí níbi tí ìka mi ti bó, síbẹ̀ mi ò dáwọ́ dúró. Mo ń fi eérú bó owó fàdákà kékeré kan títí ó fi ń dán bí ìpẹ́ ẹja tútù. Nígbà tí ọ̀gá mi wọlé, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, mo ń retí ìyìn. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì jókòó.

"Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá. Gbogbo fàdákà oníbàárà la máa ń fọ̀."

"Òótọ́ ni," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni, ní Òkè-Ṣọpẹ́n. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Agbára ilé ìwé kò tíì sí, ni bàbá mi fi mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Òórùn èédú àti aṣáà ló máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹwìrì tí a fi ń fẹ́ iná á sì máa mí bí ẹni tó gun òkè. Kò mọ lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n bí mo bá ju ṣílè sórí òkúta lẹ́yìn rẹ̀, yóò sọ bóyá ti àtijọ́ tó jẹ́ fàdákà ni, tàbí ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ idẹ. Kò yíjú rí.

Opó kan ní àdúgbò wa, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ló mú owó yẹn wá. Ọkọ rẹ̀ ja ogun Hítílà. Ọkọ náà máa ń sọ pé inú iyanrìn ilẹ̀ aṣálẹ̀ lòun ti rí i, àti pé fàdákà tó ju gbogbo ìlú wa lọ́jọ́ orí ni. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà sọ níwájú ẹbí pé òjé ni, àti pé irọ́ ni púpọ̀ nínú ìtàn ogun tí àbúrò òun máa ń sọ.

"Bàbá, mi ò fẹ́ tà á," obìnrin náà wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ lọkọ mi fi ọgbọ̀n ọdún pa fún mi."

Dúdú ló wà lára owó náà nígbà tó mú un wá. Dúdú yẹn ló jẹ́ ká rí àwòrán rẹ̀ kedere. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ kúrò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, tíṣà àti opó náà jọ dé. Tíṣà gbé owó náà sójú oòrùn, ó rẹ́rìn-ín.

"Èyí? Àná ni wọ́n rọ ọ́. Kò rí roboto, kò sí ọdún lára rẹ̀. Lẹ́tà tó yí i ká, kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan níbẹ̀."

"Tíṣà," ọ̀gá mi ní, "ṣé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ láyé ni?"

Opó náà fi etí ìborùn bo ẹnu.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo fọ̀ ọ́, sà. Dúdú ni tẹ́lẹ̀."

Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó tan àtùpà, ó fi ẹ̀mú gbé owó náà sínú èéfín títí ó fi dú, ó wá fi aṣọ nù ún fẹ́rẹ́. Dúdú kúrò lójú rẹ̀, ó kù sínú àwọn kòtò kéékèèké ara rẹ̀. Àwòrán bá yọ. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Sọ ohun tí o rí."

Mo rí orí ọkùnrin onírùngbọ̀n, ewé yí orí rẹ̀ ká bí adé, okùn tí wọ́n fi so ó rọ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn. Ní ojú kejì, obìnrin kan dúró, ó mú òṣùwọ̀n dání lọ́wọ́ kan, ìwo màlúù tó kún fún èso lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ wo etí owó náà," ọ̀gá mi wí fún tíṣà. "Ó sán. Bí a bá lu òjé, ṣe ló máa fẹ̀. Fàdákà ló ń sán báyìí lábẹ́ òòlù. Ọwọ́ ni wọ́n fi lù ú, ìyẹn ni kò ṣe rí roboto, tí orí ọba yìí fi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ya olóṣùwọ̀n sára owó, ó ń sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ pé. Èso inú ìwo ńkọ́? Ilẹ̀ wọn dára, tàbí wọ́n fẹ́ ká gbà pé ó dára."

"Ọba wo ni?" tíṣà béèrè.

"N kò mọ̀. Ibi tí mo mọ̀ dé nìyẹn."

Ó jù ú sórí òkúta. Ó dún, dídún náà gùn, ó tín-ín-rín. Tíṣà fúnra rẹ̀ mú un, ó jù ú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà.

"Ìyàwó wa, mo sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi láìdáa."

"Iwájú ẹbí lẹ ti sọ ọ́, ọkọ mi."

Iwájú ẹbí náà ló ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀ lé wọn, kí n lọ ṣàlàyé. Mo dúró láàárín àwọn àgbà, mo ka owó náà fún wọn bí ìwé, orí àti ẹ̀yìn. Mi ò tíì mọ A.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí kí n tó wọ ilé ìwé. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ń gbé báyìí. Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin opó náà mú owó yẹn wá, a sì gbé e lọ bá olùkọ́ kan ní yunifásítì. Ó ní owó Róòmù ni, ó dárúkọ ọba náà, ó sì sọ ìtumọ̀ olóṣùwọ̀n. Kò yàtọ̀ sí tọ̀gá mi. Nígbà tó gbọ́ àlàyé tèmi, ó bi mí níbi tí mo ti ka ìwé nípa rẹ̀. Mo ní Òkè-Ṣọpẹ́n ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì.

Ìyàwó mi náà ti kú. Ó fi àwọn ìtàn kan sílẹ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Ẹfìrẹ̀, létí ọ̀sà, tí àwọn ọmọ wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: ẹja tó fa ọkọ̀ ojú omi lọ, àti òjò tó rọ̀ sí apá kan ọ̀sà nìkan. Mo máa ń ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó mọ omi. Wọ́n á ní ta ló kọ́ mi ní irú sùúrù yìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni mí.