Àkájà Mi tí Kọ̀ǹpútà Kò Kà Dé

Akọ̀wé ẹgbẹ́ apẹja wa ni ó ṣẹ̀ mí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sẹ̀ tí omi ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ sí í fà lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni mo ń kọ.

Èmi àti bàbá mi ni a ṣe àkájà mi lẹ́bàá abúlé Topo. Ẹ̀ka igi ni a gún sínú ọ̀sà kí ẹja lè sá wọ ibẹ̀, títí a ó fi fi àwọ̀n yí i ká. Ẹni tó gún igi ló ni ẹja.

Nígbà tí ìjà ààlà pọ̀, ẹgbẹ́ ní kí akọ̀wé, ọmọ Ọ̀yọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà, kọ gbogbo àkájà àti àwọn tó ni wọ́n sílẹ̀, láti Apa títí dé Iworo. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń pè ní XML. Fáìlì náà tóbi púpọ̀. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, ó ní kí kọ̀ǹpútà sọ àwọn tó ni àkájà ní agbègbè wa. Ètò tí ó kọ fún ẹ̀rọ ń to orúkọ jáde bí ó ti ń kà, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kà ló ń kó jọ sínú mẹ́mọ́rì, àyè ìrántí ẹ̀rọ, láìjù ọ̀kankan nù; kí ó tó parí, mẹ́mọ́rì kún, ẹ̀rọ sì dákú. Àwọn orúkọ tó ti jáde ni akọ̀wé kà fún wa ní èbúté, bí ẹni pé ó ti parí.

Ó ní, “Bàbá, ẹ kò ní àkájà kankan lórí omi yìí.”

Aládùúgbò mi, tí àkájà rẹ̀ bá tèmi pààlà, rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rẹ́, lọ bi ẹja léèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́.”

Kò pẹ́ tó fi fi àwọ̀n yí àkájà mi ká, tó sì kó ẹja rẹ̀ lọ.

Mo bẹ obìnrin Èkìtì kan tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà kí ó wá wò ó níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kò kà á dé òpin rárá. Ó tún ètò náà ṣe: kí ó ka àkájà kan, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó jù ú nù, kí ó tó mú òmíràn. Mo fò dìde, mo ní bí àwa náà ṣe ń kó àkájà nìyẹn! Ẹ̀ka kan la ń fà yọ kí a tó fa òmíràn. Ẹni tó bá kó gbogbo igi sínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò rì. Orúkọ ń jáde, ó ń jáde, ẹ̀rọ kò dákú.

Obìnrin náà pè mí: “Bàbá, ẹ wá wò ó. Orúkọ yín rèé.”

Mo ní kí ó tún fi hàn mí. Inú mi dùn débi pé èdè Gun tí a ń sọ nílé wa ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ Gun.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé ní ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Aládùúgbò ní ọ̀rọ̀ akọ̀wé lòun tẹ̀ lé. Akọ̀wé kò sì tíì padà sí èbúté láti kéde pé èmi ni mo ni àkájà náà, bẹ́ẹ̀ ni omi tún ti ń fà, àsìkò kíkó àkájà sì tún ti dé. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ṣé ẹ̀rọ ló ṣẹ̀ mí, àbí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ tí kò parí bí ìdájọ́?