Ojú tí mo nù kúrò

Òórùn ẹja yíyan àti ọṣẹ ìfọṣọ ló kún orí àtẹ̀gùn ilé náà ní Jákàńdè, Ìsọlọ̀, lọ́jọ́ tí mo gbé kámẹ́rà mi lọ síbẹ̀. Ìyàwó tuntun àti ọmọ ọwọ́ ni mo máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣógúnlé. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn iṣẹ́ mi: tí mo bá ti fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe, irorẹ́ á lọ, àpá á lọ, ojú á máa dán bíi dígí. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ọmọ wọn obìnrin ní kí n wá yà, torí wọ́n fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún. Ohun tí ọmọ náà ò sọ fún mi ni pé sítóòfù ti bú gbàmù mọ́ ìyá rẹ̀ lójú nígbà kan rí.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, àyà mi já. Ojú wọn apá òsì ti sún kì látẹ̀gbẹ́ etí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fa igun ẹnu wọn sókè. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọmọ wọn ni wọ́n kọjú sí.

"Ṣé mo rán ọ níṣẹ́ ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Wọ́n jókòó bí ẹni tí wọ́n mú wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní kí wọ́n yíjú díẹ̀, kí òjìji lè bo ibi tó jóná. Wọn ò yí i. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Fún ta ni?"

Mo yà wọ́n bí ìgbà mẹ́wàá, mo kó ẹrù mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀: "Láti ìgbà tó o ti wọlé, o ò tíì wò mí lójú."

Ó yẹ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìbínú ni mo gbé délé. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo tún ojú náà ṣe títí kò fi sí àpá kankan níbẹ̀ mọ́, mo tilẹ̀ tún ẹnu ṣe. Mo rò pé oore ni mo ṣe. Mo tẹ fọ́tò náà jáde, mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó tuntun kan àti ìyá rẹ̀ wà níwájú mi nígbà tí tíṣà náà mú fọ́tò wọn wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Irọ́ lo pa! Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbé ojú yìí wọ mọ́tò ní Bọ́ládé, táwọn èèyàn ń dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e wọ kíláàsì, àwọn ọmọ sunkún títí ó fi mọ́ wọn lára. Ìwọ wá fi ọjọ́ kan ṣoṣo nù ún kúrò. Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Wọ́n fa fọ́tò náà ya lójú gbogbo wa, wọ́n sì jáde. Ìyá ìyàwó ní, "Ìyá yìí mà le o." Ojú ń tì mí, inú sì tún ń bí mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lè padà lọ. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọn ò ní kí n jókòó. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rù ojú yín ló bà mí."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òótọ́ nìyẹn."

Àwọn fúnra wọn ló fa àga sídìí fèrèsé, tí wọ́n gbé ibi tó jóná sínú ìmọ́lẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀, mo wò wọ́n, àwọn náà ń wò mí, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ya ẹyọ kan. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ó tó. Máa lọ."

Ọmọ wọn sọ fún mi pé ara ògiri pálọ̀ ni wọ́n gbé fọ́tò ọ̀tẹ̀ yìí kọ́. Síbẹ̀, tá a bá pàdé lójú títì dòní, wọn kì í dá mi lóhùn. Ó kọ́kọ́ máa ń dùn mí, àmọ́ ìdáríjì ò sí lára ohun tí wọ́n jẹ mí. Ní báyìí, kí n tó fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni lórí kọ̀ǹpútà, mo máa ń bi olójú léèrè. Ohun tí mo pè ní àánú lọ́jọ́ náà, ìbẹ̀rù tèmi ni, ẹlòmíì ni mo sì gbé e rù.