Bíà tí Mo Pọn tó Di Àgbo

Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní kẹ́mísírì l'Ọ́fà. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ṣàlàyé lójú pátákó bí ṣúgà ṣe ń di ọtí, àmọ́ n kò pọn ọtí kankan rí láyé mi. Ìyẹn kò ní kí n má fọ́nnu. Lọ́jọ́ kan, nínú ọ́fíìsì àwa tíṣà, ẹnìkan ń ráhùn pé bíà ti wọ́n jù. Mo ní, "Kí ló ṣòro nínú bíà? Mo lè pọn ọ́n nínú kíṣìnnì mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

Ọlọgbọ́n ì bá tọ àwọn ìyá tó ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lọ, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwé ni èmi mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlànà tèmi. Àgbàdo ni ìpìlẹ̀. Mo fi ọkà bàbà kún un kí àwọ̀ rẹ̀ lè dára. Bíà gbọ́dọ̀ korò díẹ̀, nítorí náà mo kọ orógbó. Nígbà tó dà bí ẹni pé orógbó nìkan kò ní tó, mo kọ ewúro. Atalẹ̀ ń kọ́? Mo kọ ọ́. Oyin? Mo kọ ọ́. Ká ní ìyàwó mi kò pè mí wá jẹun ni, bóyá ǹ bá ti fi ẹ̀gúsí kún un.

Mo rẹ ọkà sómi, mo tẹ́ ẹ sórí àpò lẹ́yìnkùlé kó lè hù. Adìyẹ aládùúgbò ti jẹ lára rẹ̀ kí n tó mọ̀. Nígbà tí èyí tó kù hù, mo sá a gbẹ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ nǹkan. Ó bù ú sọ́wọ́, ó wò ó, ó wò mí.

"Tíṣà, ṣé ògì ni àbí oúnjẹ adìyẹ?"

"Ìwádìí ni, Mà."

"Háà. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó bá mi lọ̀ ọ́ bí oúnjẹ adìyẹ.

Mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó tutù, mo fi yíìsì àwọn oníbúrẹ́dì sí i, mo rọ ọ́ sínú kéègì, mo sì dẹ ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde. Fún ọjọ́ mẹ́rin, mò ń tẹ́tí sí kéègì bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ó ń hó, inú mi ń dùn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo bu ife kan mu. Ojú mi rún, ahọ́n mi kú. Ìyàwó mi gba ife náà, ó kàn fi ètè kàn án, ó ní, "Daddy, ta ni ibà ń ṣe?"

Mo gbé kéègì sí kọ̀rọ̀, mo ní n óò dà á nù. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n dà á nù.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá ìyàwó mi gun ọ̀kadà wá láti Ìjágbó. Àgbà ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọtí sétí. A ti lọ sọ́jà nígbà tí wọ́n dé. Ìgbà tí a padà, a bá wọn lórí àga, ojú wọn ń dán.

"Ọkọ ọmọ mi, mo bu díẹ̀ mu nínú àgbo yín. Orúnkún tó ń dùn mí láti àná, n ò mọ̀ ọ́n lára mọ́!"

Ìyàwó mi sáré wọ yàrá, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi ìrọ̀rí bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Èmi ní, "Ẹ ṣé, Mà." Wọ́n gbé ìgò méjì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pè mí lórí fóònù: àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ti tọ́ ọ wò, wọ́n ní kí n fi sí i ránṣẹ́.

Ẹ̀rù bà mí wàyí. Mo gba Ìjágbó lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mà, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe àgbo. Bíà tó bàjẹ́ ni."

Wọ́n ní, "Kí lo fi sí i?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí mo dé orí ewúro, wọ́n fi gèlè bojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni.

"Ìlú Òjòkú ni wọ́n ti bí ìyá mi, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n pọn títí wọ́n fi darúgbó. Ikùn mi ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Etí mi ni n ò jẹ́ kó gbọ́."

"Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ́, Mà?"

"Sọ pé àgbo ti tán. Àti pé àgbàdo ní adùn tirẹ̀, o ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Yọ gbogbo ìyókù kúrò."

Nígbà tí mo tún pọn òmíràn, àgbàdo nìkan ni mo lò, pẹ̀lú orógbó kan ṣoṣo, torí pé olóríkunkun ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó mu ún délẹ̀, ó nu ẹnu, ó ní kò burú. Orí mi wú. Mo sáré gbé kéègì, mo bi í bóyá kí n bu sí i.

Ó ní rárá, omi tútù ni kí n fún òun.